Mo fẹ́ to server ìpamọ́ àkọ́kọ́ mi sílé: ẹ bá mi yẹ ètò yìí wò kí n tó náwó

Ayàwòrán_Mókọ́lá

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin àgbà ìdí ẹ̀rọ. Iṣẹ́ fótò ni mo ń ṣe n'Íbàdàn. Ìgbéyàwó ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ìkómọ àti ìsìnkú àgbà ló tẹ̀ lé e. Láti 2017 ni mo ti ń da iṣẹ́ sórí hard disk alágbèéká, wọ́n sì ti di méje báyìí. Inú páálí bàtà ni mo kó wọn sí, mo lẹ bébà mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo fi bírò kọ ọdún sí i.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni arábìnrin kan tí mo ya ìgbéyàwó rẹ̀ ní 2021 pè mí. Omi ti wọ fóònù rẹ̀, kò ní fótò ọjọ́ náà kankan mọ́, bàbá rẹ̀ tó fà á lé ọkọ lọ́wọ́ sì ti di olóògbé. Mo ki disk 2021 bọ kọ̀ǹpútà. Ó ń dún kẹ́, kẹ́, kẹ́, bí ẹni ń fi èékánná lu tábìlì. Kọ̀ǹpútà ò rí i rárá. Ogójì àwòrán tí mo ti fi sórí Google Drive fún un nígbà náà ni mo rí kó fún un, méjì péré ni bàbá yẹn sì wà níbẹ̀. Oorun ò kun ojú mi lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ètò mi rèé. Mo fẹ́ ra Dell OptiPlex tòkunbọ̀, Core i5 ìran keje, mẹ́mọ̀rì 8GB. Mo fẹ́ fi disk 4TB mẹ́rin sí i, kí n to wọ́n ní RAID 5 (ọ̀nà tí disk púpọ̀ fi ń ṣiṣẹ́ pọ̀ bí ẹyọ kan) kí n lè rí 12TB lò, kí n sì fi software TrueNAS darí rẹ̀. Gbogbo iṣẹ́ tí mo ní báyìí kò ju 2.9TB lọ, ó sì ń fi bíi 1TB lé lọ́dún. Inverter 1.5kVA wà nílé pẹ̀lú bátìrì 200Ah kan. Router 4G ni mo ń lò. Mo fẹ́ kí àwọn oníbàárà mi lè wọlé láti ilé wọn wá wa fótò wọn. ₦850,000 ló wà nílẹ̀, kò sí kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Kí ni mo ṣì?

Wáyà_Ìkẹjà

Pẹ̀lẹ́ o, àbúrò. Disk tó ń dún yẹn ni kí a kọ́kọ́ mú kúrò nílẹ̀: má ki í bọ nǹkan kan mọ́. Gbogbo ìgbà tí o bá tan án ni orí tó ń ka àwo inú rẹ̀ lè máa ha ojú àwo náà. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí o gbé e sínú fíríìsà, má dá a lóhùn. Omi ni yóò gbà wọnú. Wé e, kọ ọ̀rọ̀ sí i lára, gbé e tì, títí o fi máa rówó fún àwọn tó ń ṣí disk nínú yàrá tí eruku kì í wọ̀.

Ó wá kan ètò rẹ. OptiPlex wo? Èyí tó dúró bí àpótí àti èyí tó pẹlẹbẹ, orúkọ kan náà ni wọ́n fi ń tà wọ́n fún ọ ní Computer Village. Èyí tó pẹlẹbẹ ò lè gba disk ńlá mẹ́rin láéláé. Kí o tó sanwó, ní kí ọlọ́jà ṣí i lójú rẹ, kí o ka nǹkan mẹ́ta: àyè ìjókòó disk, ihò SATA lára bọ́ọ̀dù (ibi tí wáyà disk ń wọ̀), àti ẹnu wáyà iná tó ti inú power supply jáde. Èyí tó bá kéré jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni iye disk tó lè gbà. Mo ti rí ẹni tó ra disk mẹ́rin kó tó mọ̀ pé ihò SATA mẹ́ta ló ní, DVD sì ti gba ọ̀kan nínú rẹ̀.

Bí ẹnu wáyà iná ò bá tó, wáyà ìsopọ̀ Molex-sí-SATA olówó pọ́ọ́kú, èyí tí wọ́n da rọ́bà mọ́ lẹ́nu, má rà á. Inú rọ́bà yẹn ni wáyà méjì ti máa ń kan ara tí iná fi ń ṣẹ́yọ. Power supply Dell wọ̀nyẹn náà ò rí bíi ti gbogbo ayé, bó bá jó, kì í ṣe èyíkéyìí lo lè fi rọ́pò rẹ̀. Ra èyí tí òórùn jíjó ò sí lára rẹ̀. Mi ò ṣàwàdà o: fi imú gbọ́ ọ.

Ìbéèrè kan péré: ẹni tó ní 2.9TB, kí ló fẹ́ fi 12TB ṣe?

Ayàwòrán_Mókọ́lá

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Mo rò pé bí disk bá ti pọ̀, ohun tó wà nínú rẹ̀ kò lè sọnù mọ́. Ṣebí iṣẹ́ RAID nìyẹn?

Ẹ̀gbọ́n_Manchester

Ibẹ̀ gan-an ni gbogbo wa ti ṣubú rí, torí náà má bínú tí mo bá sọ ọ́ gan-gan: RAID kì í ṣe ẹ̀dà.

Bí disk kan nínú mẹ́rin bá kú, RAID 5 á jẹ́ kí o máa bá iṣẹ́ lọ títí o fi máa ra òmíràn. Ó parí. Láti ìgbà tí àwọn onímọ̀ Yunifásítì Berkeley l'Amẹ́ríkà ti kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1988 ni iṣẹ́ rẹ̀ ti jẹ́ ìyẹn: kí disk olówó pọ́ọ́kú mélòó kan lè ṣiṣẹ́ bí ẹyọ kan tí kì í dá dúró. Ṣùgbọ́n bí ọmọ rẹ bá tẹ «delete» lórí fódà 2023, orí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ti parẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí àrá bá gba inú wáyà wọlé, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló jó pọ̀. Bí olè bá gbé àpótí náà, ṣé yóò fi disk kan sílẹ̀ fún ọ ni?

Ẹ̀dà mẹ́ta, sórí irú nǹkan méjì ó kéré jù, kí ọ̀kan má sí nínú ilé. Ìlànà àtijọ́ nìyẹn. Nínú ètò rẹ, ẹ̀dà kan ṣoṣo ni mo rí, olówó ńlá ni.

Bí èmi bá wà nípò rẹ, disk 6TB méjì ni n ó rà, n ó to wọ́n ní mirror, kí ohun tó bá wọ ọ̀kan máa wọ èkejì. N ó wá ra disk alágbèéká 5TB kan tí kò ní máa gbé inú ilé rẹ rárá. 6TB tí wọ́n kọ sí páálí, 5.46 ni Windows yóò fi hàn ọ́, torí ẹgbẹ̀rún ni oníṣòwò fi ń kà, 1,024 ni Windows fi ń kà. Má jẹ́ kí ó kún kọjá ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún, ZFS, ètò tí TrueNAS fi ń to fáìlì sórí disk, kì í fẹ́ kí àyè há. Ìyẹn fi bíi 4.4 sílẹ̀ fún ọ.

Ìbéèrè tèmi náà: nínú 2.9TB yẹn, mélòó ló jẹ́ àwòrán tí ẹni tó wà nínú rẹ̀ dijú, tàbí tí o tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà kí ọ̀kan tó dáa?

Ọmọ_Onídìrì

Kí ló ń fa gbogbo wàhálà yìí? Ẹ san owó Google One, àyè ìpamọ́ tí Google ń tà, kí ẹ lọ sùn.

Wáyà_Ìkẹjà

@Ọmọ_Onídìrì, fótò fóònù nìwọ ń rò. Títí di ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà 2021, Google Photos ń gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ láìní ìwọ̀n. 15GB ni ọ̀fẹ́ báyìí, ti Gmail sì wà nínú rẹ̀. Ìgbéyàwó kan tí arákùnrin yìí bá yà ti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá tiẹ̀ sanwó: ká ní 5Mbps ni íńtánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fi ń gbé nǹkan sókè, tí kò já rárá, 2.9TB yóò gbà á ní ọjọ́ mẹ́tàléláàádọ́ta. Mi ò tíì ka owó dátà.

Ọmọ_Onídìrì

Ọjọ́ mẹ́tàléláàádọ́ta kẹ̀? Mo ti dákẹ́.

Ẹ̀gbá_Linux

Ẹ ti sọ iye disk, ẹ ò tíì sọ irú rẹ̀. Ibẹ̀ lówó ti máa ń ṣòfò jù.

Disk tí wọ́n ń pè ní SMR, ẹ wo bí kàfíńtà ṣe ń kan páànù sórí ilé: etí páànù kan máa ń gun èkejì lórí. Àyè pọ̀ sí i bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ èyí tó wà nísàlẹ̀, ẹ ní láti ṣí èyí tó gùn ún, àti èyí tó tún gun ìyẹn. Bí SMR ṣe ń kọ nǹkan nìyẹn. Ẹ kó fáìlì sí i lẹ́ẹ̀kan kí ẹ gbé e tì, kò burú. Ẹ fi sínú ZFS, kí ọ̀kan kú, kí ẹ fẹ́ kọ́ tuntun padà: iṣẹ́ ọjọ́ kan lè di ti ọ̀pọ̀ ọjọ́, ó tiẹ̀ lè já sílẹ̀ láàárín. CMR ni ẹ fẹ́, èyí tí ojú ìlà kọ̀ọ̀kan dá dúró.

Ẹ má sì gba ọ̀rọ̀ «NAS» (server ìpamọ́) tó wà lára páálí gbọ́. Ní 2020 ni gbogbo ayé gbọ́ pé WD Red láti 2TB dé 6TB ti di SMR láìsí pé wọ́n kọ ọ́ síta. Lẹ́yìn ariwo náà ni wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀: Red lásán jẹ́ SMR, Red Plus àti Red Pro jẹ́ CMR. Seagate IronWolf jẹ́ CMR. Toshiba N300 náà bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà tó wà lára disk sílẹ̀, kí ẹ wò ó lójú-òpó ilé-iṣẹ́ tó ṣe é kí ẹ tó sanwó, torí ọlọ́jà á sọ fún yín pé «ọ̀kan náà ni wọ́n».

Alágbèéká 5TB tí ẹ̀gbọ́n sọ yẹn, SMR ni yóò jẹ́, kò sì sí wàhálà nínú ìyẹn. Kí ẹ kó fáìlì sí i kí ẹ gbé e tì ni ẹ fẹ́ fi ṣe.

Ìyá_Ìbejì_Bódìjà

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ iná, torí gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ bíi pé Manchester la jọ ń gbé.

Mo ní irú ẹ̀rọ tí Ayàwòrán fẹ́ rà, ó ti pé ọdún méjì ó lé tó ti wà lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n wa. Mo fi mítà kékeré wọ̀n ọ́n: 35W pẹ̀lú disk méjì, nígbà tí kò ṣe nǹkan pàtàkì. Ìyẹn jẹ́ 0.84 kílówáàtì-wákàtí lójúmọ́. ₦209.5 tí Band A wà nígbà náà ni mo fi ṣírò rẹ̀, ó sún mọ́ ₦5,300 lóṣù bí kò bá kú rárá. Disk mẹ́rin á gbé e sókè sí i, torí náà èmi náà wà lẹ́yìn àwọn tó ní méjì.

Ṣùgbọ́n owó iná kọ́ ni ìṣòro, bí iná ṣe ń lọ ni. Oṣù àkọ́kọ́, bí NEPA bá ti mú iná, inverter máa gbà á, àwọn gílóòbù ò tiẹ̀ ní ṣẹ́jú, server nìkan ló máa kú tó máa tún ara rẹ̀ tàn. Ìṣẹ́jú àáyá kékeré tí inverter fi ń yí padà yẹn ti pọ̀ jù fún power supply tó ti gbó. Mo wá ra UPS 650VA, àpótí oníbátìrì tí kì í jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kú bí iná bá ṣẹ́jú, sí àárín wọn. Ó yà mí lẹ́nu pé UPS náà bẹ̀rẹ̀ sí í ké pí-pí-pí ní gbogbo ìgbà tí a bá wà lórí inverter, bátìrì ara rẹ̀ ló ń jẹ títí tó fi kú. Ọmọkùnrin tó ń tún inverter ṣe ló ṣàlàyé: inverter wa àtijọ́ kì í ṣe pure sine wave, ìyẹn èyí tí iná rẹ̀ ń lọ geere bíi ti NEPA, UPS wò ó pé iná burúkú ni, ó sì kọ̀ ọ́. Torí náà, Ayàwòrán, wo ara inverter rẹ lónìí. Bí wọn ò bá kọ «pure sine wave» sí i, owó inverter tuntun ti yọ nínú ₦850,000 rẹ nìyẹn.

Èkejì: UPS tó ní ihò USB lẹ́yìn ni kí o rà. Wáyà USB yẹn ni kí o ki bọ server, kí o tan UPS service nínú TrueNAS. Bí iná bá lọ tí bátìrì fẹ́ tán, server á gbọ́, á pa ara rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Bàbá Ìbejì ló máa ń sáré lọ tẹ bọ́tìnnì tẹ́lẹ̀, a máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Má gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù o. Mo ṣe é. Disk ń gbóná dé 51°C lọ́sàn-án oṣù kẹta. Nígbà tí mo gbé e síta tí mo sì nu eruku ọyẹ́ kúrò lójú fáànù, tó nipọn bí ẹ̀kọ tútù, ó sọ̀ kalẹ̀ sí 39.

Ayàwòrán_Mókọ́lá

Mà, ẹ ṣeun gan-an. Mo lọ wò ó: pure sine wave ni wọ́n kọ sí i. Mo dúpẹ́.

Ẹ̀gbọ́n Manchester, ojú tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo jókòó lálẹ́ ọjọ́ méjì, mo pa 700GB rẹ́. Àwòrán ìgbákọ ọbẹ̀ kan wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́tàlélógún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí. Ó ku 2.2TB.

Ó ku ọ̀rọ̀ software àti ti oníbàárà. Ẹnì kan ní software mìíràn, OpenMediaVault, rọrùn ju TrueNAS lọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?

Ẹ̀gbá_Linux

Òótọ́ ni ní ọ̀nà kan. OpenMediaVault jókòó lórí Debian, irú Linux kan, mẹ́mọ̀rì kékeré tó o, ẹ sì lè fi disk tí kò dọ́gba sí i. TrueNAS ń béèrè 8GB ó kéré jù, ó sì ń gba odindi disk tí ẹ bá gbé e lé, torí náà ẹ wá SSD kékeré 120GB fún un, kí ẹ má fi 6TB bọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n ZFS inú TrueNAS ló tìtorí fótò yín wà. Ó ń fi àmì ìdánimọ̀ sára gbogbo ohun tó bá kọ. Bí bíìtì kan bá yí padà fúnra rẹ̀ lórí disk kan lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, tó sọ ojú ìyàwó di ìlà àwọ̀ ewé, ZFS á mọ̀ nígbà tó bá ń kà á, á mú èyí tó dáa lórí disk kejì, á tún ti àkọ́kọ́ ṣe. RAID lásán ò mọ èwo nínú méjèèjì ló ń parọ́. Ẹ ní kó máa yẹ gbogbo ara rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan lóṣù.

Kí ẹ sì tan snapshot ojoojúmọ́, àkọsílẹ̀ bí fáìlì ṣe wà lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, kí ó máa pa ti oṣù kan mọ́. Kì í jẹ àyè àfi ohun tí ẹ bá yí padà. Ọjọ́ tí ọmọ bá pa fódà rẹ́, ìṣẹ́jú méjì ni ẹ máa fi dá a padà.

Wáyà_Ìkẹjà

Ọ̀rọ̀ oníbàárà, èmi ni n ó dáhùn rẹ̀, mo sì fẹ́ kí o gbọ́: rárá.

Lákọ̀ọ́kọ́, router 4G rẹ kò ní àdírẹ́sì tirẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ìwọ àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ èèyàn lẹ jọ wà lẹ́yìn àdírẹ́sì kan ṣoṣo lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀, bí agboolé tó ní ẹnu-ọ̀nà kan. Kò sí bí àlejò ṣe máa kan ilẹ̀kùn yàrá rẹ láti ìta.

Èkejì, bí o bá tiẹ̀ rí ọ̀nà, má ṣe é. Ní oṣù kìíní 2022, àwọn ọ̀daràn tó ń jẹ́ DeadBolt wọ ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìpamọ́ QNAP tí àwọn èèyàn ti ṣí sí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ti gbogbo fáìlì pa, wọ́n sì ní kí ẹni kọ̀ọ̀kan san 0.03 bitcoin. Kì í ṣe báǹkì ni wọ́n jà lólè. Ilé ayàwòrán, ilé olùkọ́, ilé ẹni tó kó fótò ọmọ rẹ̀ pamọ́ ni.

Fún ara rẹ, Tailscale, app tó ń so ẹ̀rọ pọ̀ ní ìkọ̀kọ̀, ni kí o fi sórí server, fóònù àti laptop rẹ. Ẹ̀rọ tìrẹ nìkan ló máa rí ara wọn, kò sì sí ilẹ̀kùn tí o ṣí fún ẹnikẹ́ni. Fún oníbàárà, ogójì tàbí ọgọ́rùn-ún àwòrán tí o ti tún ṣe, máa fi ìyẹn sórí Google Drive bó o ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ṣebí òun náà ló yọ ọ́ lọ́wọ́ arábìnrin 2021 yẹn.

Ẹ̀gbọ́n_Manchester

Mo fọwọ́ sí i. Kí o tó lọ sọ́jà, nǹkan kan: disk «tuntun» lè má jẹ́ tuntun. Ní oṣù kìíní 2025 ni àwọn oníròyìn Jámánì tú àṣírí disk Seagate tí wọ́n ti lò fún wíwa Chia, owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì kan, tí àwọn kan wá pa wákàtí inú rẹ̀ rẹ́, tí wọ́n ń tà á bíi tuntun. Àwọn ọlọ́jà àárín ló lu jìbìtì. SMART lásán, àkọsílẹ̀ ìlera tí disk ń kọ nípa ara rẹ̀, máa fi òdo hàn ọ́. Ti Seagate ní àkọsílẹ̀ mìíràn nínú tí wọ́n gbàgbé láti pa rẹ́, FARM lorúkọ rẹ̀. `smartctl -l farm` lo máa kọ, kí o fi wákàtí tó bá sọ wé ti `smartctl -a`. Bá ọlọ́jà ṣe àdéhùn ọjọ́ mẹ́ta, kó wà nínú rìsíìtì.

Ayàwòrán_Mókọ́lá

Mo ti dé láti Ìkẹjà. Mo ra OptiPlex tó dúró. Mo fi imú gbọ́ ọ níwájú ọlọ́jà, ó ní «Ṣé ẹja lẹ fẹ́ rà ni?» SATA mẹ́rin, àyè disk ńlá méjì, ẹnu wáyà iná mẹ́ta. Disk méjèèjì gbé bí ìdajì owó mi lọ.

Ẹ̀gbọ́n Manchester, Ọlọ́run á bù kún yín. Disk àkọ́kọ́: SMART ní wákàtí mẹ́ta, FARM náà ní mẹ́ta. Disk kejì: SMART ní wákàtí mẹ́rin, FARM ní 19,214. Ọdún méjì ó lé! Páálí rẹ̀ ṣì ní ọ̀rá o. Mo padà lọ l'ọ́jọ́ kejì. Mi ò pariwo, mo kàn gbé laptop lé orí káúńtà, mo kọ àṣẹ náà lójú rẹ̀. Ó wò ó pẹ́. Ó ní bí òun náà ṣe rà á nìyẹn, ó sì fún mi ní òmíràn. Ìyẹn mọ́.

Mo fi badblocks, ètò tó ń wá ibi tó bàjẹ́ lójú disk, yẹ méjèèjì wò kí n tó kó nǹkan sí i, ó sún mọ́ ọjọ́ mẹ́rin. Ìyàwó mi ní kí ló ń kùn bí oyin nínú pálọ̀.

Mo ti ń da fótò sí i láti àná, ìyára rẹ̀ ń dun mí. 11MB láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kò kọjá bẹ́ẹ̀. Mo ṣírò rẹ̀, yóò ju ọjọ́ méjì lọ. Ṣé disk ló burú ni?

Wáyà_Ìkẹjà

11 gan-an, tí kì í lọ sókè tí kì í wá sílẹ̀? Disk kọ́. Ojú ọ̀nà ló há. Ihò wáyà ara router rẹ, 100Mbps ni. Bó o bá fi mẹ́jọ pín in, 12.5 ni, kí o yọ owó bodè tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀ ń gbà kúrò, 11 nìyẹn. Ra switch gigabit olóríhò márùn-ún, àpótí tó ń so wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì pọ̀, kékeré ni. Ki laptop, server àti router bọ ọ́. Fótò ò ní gba inú router kọjá mọ́.

Ìyá_Ìbejì_Bódìjà

Kí o sì wo wáyà náà. Tí wọn kò bá kọ Cat5e tàbí Cat6 sára rẹ̀, jù ú nù. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ mi tó jẹ́ pé okùn mẹ́rin péré ló wà nínú rẹ̀ dípò mẹ́jọ. 11 lòun náà ń sá.

Ayàwòrán_Mókọ́lá

97! Mo ní 97MB! Ọdún 2019 látòkè délẹ̀ wọlé kí n tó jẹun ọ̀sán tán.

Ẹ̀gbọ́n_Manchester

Ó dáa. 5TB alágbèéká ńkọ́? Má sọ fún mi pé orí server ló wà.

Ayàwòrán_Mókọ́lá

Rárá o. Mo da gbogbo rẹ̀ sí i, mo fi ọ̀rọ̀ aṣínà tì í, mo sì gbé e lọ fún màmá mi l'Ọ́yọ̀ọ́ ní Sátidé. Mo ṣàlàyé fún wọn pé lẹ́ẹ̀kan lóṣù ni n ó máa wá gbà á láti fi iṣẹ́ tuntun kún un. Wọ́n ní ṣé gbogbo owó tí mo ná yìí, inú ilé àwọn náà ni nǹkan ọ̀hún tún máa padà gbé? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Wọ́n gbà á, wọ́n yí i lọ́wọ́ wò, wọ́n wé e mọ́ inú ìró òfì tí wọ́n ró níbi ìsìnkú bàbá mi, wọ́n gbé e sí ìsàlẹ̀ àpótí, wọ́n sì ti kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ bọ àpò ara wọn.

Wọ́n ní tí n bá ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, kí n má wá lọ́wọ́ òfo.